Yàrá Àkọ́kọ́ Lọ́wọ́ Òsì

Bí èèyàn bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé yẹn pé ta ni kò níṣòro láàárín wọn, Bàbá Káfíńtà ni gbogbo wọn máa nàka sí. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ọtí ò kan ẹnu rẹ̀ rí, àga tó bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ kàn kì í mì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ, òun ló gbẹ́ àga ìwàásù, òun náà ló sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti fi ìjókòó han àwọn èèyàn láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà rí àlejò. Gbogbo ayé ti gbà pé ara rẹ̀ le. Wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á sì kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń sunkún.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, àwọn ará ìjọ wá, wọ́n kọrin, wọ́n jókòó tì í. Nígbà tó yá, wọn ò wá mọ́. Bàbá ò bá wọn bínú, nítorí kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ṣì ń fẹ́ kí wọ́n máa wá. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà lọ́nà jíjìn máa ń pè é lórí fóònù, á ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?" Bàbá á ní òun ti jẹun, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Lóòótọ́ ló ń jẹun, ṣùgbọ́n ìdúró ló ń jẹ ẹ́, lẹ́bàá fèrèsé, búrẹ́dì lọ́wọ́ kan, ife tíì lọ́wọ́ kejì. Ta ni èèyàn kan ṣoṣo fẹ́ tẹ́ tábìlì fún?

Ilé náà gùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan là á já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá sì wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì. Ilẹ̀kùn iwájú kọjú sí títì. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kọjú sí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó gba àárín koríko lọ sí yunifásítì. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yìí ni yàrá Bàbá wà, kí ó lè rọrùn fún un láti kó pákó wọlé láti inú ahéré iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bí ilé yìí ṣe rí sọ́kàn, torí òun ló dá gbogbo ọ̀ràn yìí sílẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé kan ni. Bàbá ń pa fáníìṣì sára àpótí kékeré kan nínú yàrá nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọmọkùnrin kan ló dúró síbẹ̀, ó ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó ríran wọnú yàrá. Ọmọbìnrin kan tó wọ jígí ojú wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá," ni ọmọkùnrin náà wí. "Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ onígbàgbọ́ la ti wá. A gbọ́ pé ẹ ní ká máa wá bá yín nílé."

Bàbá ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó wá bá òun nílé. Ó la ẹnu láti wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ti wọlé, ó ti rí ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì ti ń gbá ìdọ̀tí pákó lọ sí igun yàrá. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá," ló ń wí bó ti ń gbálẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Gbogbo rẹ̀ á dára." Ó ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó tó ti sin ọkọ mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti sọ ọ́ ní Ìyá Àgbà, ó sì sọ ọmọkùnrin náà ní Òpó.

Ọ̀kan jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà, ìkejì jókòó sórí àpótí irinṣẹ́. Òpó yọ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lápò, ó sì kà á sókè: "Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní. Ta ni Jésù?" Ó gbójú sókè. "Ṣé ẹ ti gbọ́ èyí rí, Bàbá?"

Bàbá wo ojú àwọn méjèèjì. Láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá fi lè ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á tọrọ àforíjì, wọ́n á dìde, yàrá náà á sì padà sí bó ṣe wà.

"Ẹ máa bá a lọ, ọmọ mi," ló wí. "Mo ń gbọ́."

Kì í ṣe irọ́. Etí rẹ̀ ń gbọ́.

Bí wọ́n ṣe di ẹni tó ń wá ní gbogbo Sátidé nìyẹn. Bàbá gbọ́ lẹ́nu wọn pé ẹgbẹ́ náà pín iṣẹ́ láàárín ara wọn: àwọn kan ń kọ́ àwọn ọmọ tó ti fi ilé ìwé sílẹ̀, àwọn kan ń lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n, àwọn kan ń kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, àwọn kan ń wàásù ní ibùdókọ̀. Ẹ̀ka ìbẹ̀wò ni àwọn méjì yìí ní tiwọn. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, èèyàn á rò pé kí ọdún tó parí, ìyà á ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò láyé. Ẹni bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe máa dára ní kíákíá, kó lọ bi akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì ṣe ìdánwò àṣejáde. Síbẹ̀, Bàbá fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ, nítorí kì í ṣe ẹnu lásán ni wọ́n ní. Òpó bá a pààrọ̀ gílóòbù tó ti kú sókè àjà, kò sì gun nǹkan kan. Ìyá Àgbà bá a fọ kọ́tìnnì tí ìyàwó rẹ̀ rán.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gílóòbù tàbí kọ́tìnnì ló mú ọkàn Bàbá. Kí wọ́n tó ṣí ìwé rárá, Ìyá Àgbà á kọ́kọ́ gbé jígí rẹ̀ sókè, á ní, "Bàbá, báwo ni ọ̀sẹ̀ yín ṣe rí?" Á sì wá dákẹ́, á dúró de ìdáhùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá ní, "Ó dáa," ọmọbìnrin náà ṣì ń wò ó, ni Bàbá bá rí i pé ohun tí òun fi dá a lóhùn ò tó. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ológbò bá bímọ sínú àpótí ayùn rẹ̀, bí oníbàárà kan bá ní kó ṣe tábìlì oníhà mẹ́ta, á ní nínú ara rẹ̀ pé, "Èyí dọjọ́ Sátidé."

Àpótí irinṣẹ́ ò yẹ àlejò, nítorí náà ó kan bẹ́ǹṣì. Igi dáadáa tó ṣẹ́kù lára kọ́bọ́ọ̀dù ẹnì kan ló fi ṣe é. Ó gbé e ga díẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ Òpó, ó sì fá gbogbo igun rẹ̀ kó má bàa ya síkẹ́ẹ̀tì Ìyá Àgbà. Fáníìṣì tó fi pa á, sípírítì ló fi pò ó, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá bí ẹni pé wọ́n da ọtí síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ náà wọlé lọ́jọ́ náà, wọ́n fa imú, wọ́n wo ara wọn, wọn ò sì sọ nǹkan kan. Bàbá rò pé ẹwà bẹ́ǹṣì ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ẹnì kan tún wà nínú ilé náà tó ń múra Sátidé. Dírẹ́bà ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ ẹrù ńlá ló ń wà tẹ́lẹ̀ kí ọtí tó gba ìdarí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ lé e, ìyàwó rẹ̀ sì kó àwọn ọmọ lọ sílé ìyá tirẹ̀. Yàrá rẹ̀ wà níwájú lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ilẹ̀kùn tó kọjú sí títì. Lọ́jọ́ Sátidé, bí Bàbá bá ń lọ ra búrẹ́dì, á bá a níbi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ mọ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ti lọ̀.

"Dírẹ́bà, o mà ti múra o."

"Mo ń retí àlejò ni, Bàbá."

Bí oòrùn bá ti wá dé àtàrí tí àlejò ò dé, á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, á sọdá títì lọ sílé ọtí.

Ìyá Àgbà ló tú àṣírí, kò sì mọ̀ọ́mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wá bírò rẹ̀ tó jábọ́, ó sì rí àwọn ìgò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Bàbá, ẹ dákun, kí ló wà nínú àwọn ìgò yìí?"

"Sípírítì ni," ni Bàbá wí.

Òpó pa ìwé rẹ̀ dé. Ó rọra béèrè pé, "Ṣé ojoojúmọ́ lẹ máa ń lò ó?"

"Ó tì o. Ọjọ́ tí mo bá níṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá ti ṣí i, ó di ìgbà tó bá tán."

Kí Bàbá tó pa ẹnu dé, Ìyá Àgbà ti di ojú, ó ti na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Olúwa," ló wí, omijé sì ń bọ́ lábẹ́ jígí, "gba bàbá wa lọ́wọ́ ọtí. Ó ti la ẹnu fúnra rẹ̀, a dúpẹ́. Òun ló sọ níbùdókọ̀ pé ká wá bá òun, Olúwa, má jẹ́ kó padà sẹ́yìn."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ fẹ́ pa Bàbá. Ọtí? Òun? Ó gé ètè jẹ. Ṣùgbọ́n kí àmín tó dé, ẹ̀rín náà ti kú sí i lọ́fun, nítorí ó ti rántí ẹni tó ń mutí nínú ilé yẹn, tó sì ń retí àlejò. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, ó dọ́gbọ́n bi Òpó pé báwo ni wọ́n ṣe mọ yàrá náà. Òpó ní àwọn tó ń wàásù níbùdókọ̀ yàtọ̀ sí àwọn tó ń ṣe ìbẹ̀wò. Wọ́n kàn sọ fún àwọn ni pé yàrá àkọ́kọ́ lọ́wọ́ òsì, kí àwọn má béèrè lọ́wọ́ ará ilé kankan, kí ojú má bàa ti ẹni náà. Òfin ẹgbẹ́ sì ni pé wọn kì í kọ́kọ́ dárúkọ ọtí fún onítọ̀hún, àfi bí òun bá kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ó wá yé Bàbá yékéyéké. Ojú títì ni Dírẹ́bà fi júwe ilé, àwọn ọmọ yìí sì gba ọ̀nà ẹsẹ̀ wọlé láti ẹ̀yìn, níbi tí yàrá Bàbá ti jẹ́ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ òsì. Òsì wọn ò pàdé.

Ó yẹ kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, wọ́n á dìde lórí bẹ́ǹṣì náà, wọ́n á lọ sí òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ta ni yóò sì máa bi í léèrè bí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣe rí? Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi. Ó sìn wọ́n sọ́nà, ó ní kí wọ́n rọra máa lọ, ó sì dákẹ́. Látọjọ́ náà, tíì ò dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó jáde lọ ra búrẹ́dì. Dírẹ́bà ò jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń bọ̀ láti inú yàrá, ẹ̀wù àná ló wọ̀, ilé ọtí ló sì kọjú sí, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò tíì mú rárá.

"Dírẹ́bà, ṣẹ́ẹ̀tì funfun dà? Àlejò ń kọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, Bàbá." Ó dúró, ó ń wo títì. "Àwọn ọmọ onígbàgbọ́ kan ni. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n fúnra mi. Mo ní kí wọ́n wá, ó ti sú mi. Mo ń wẹ̀, mo ń lọ aṣọ, mo ń jókòó. Wọn ò wá. Bóyá wọ́n ti wò mí láti òkèèrè ni, wọ́n bá yí padà."

"Má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ń gbọ́ orin lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní, ẹ wò ó, ibi tó mọ́ ni orin ń lọ." Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dun Bàbá jù, pé kò bínú.

Wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bàbá ti ń pa òwe yìí fún àwọn ẹlòmíì láti ọjọ́ pípẹ́, kò mọ̀ pé òun náà ń bọ̀ wá ru igbá. Ó di Dírẹ́bà lápá mú. "Padà sínú yàrá. Wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn."

"Fún kí ni?"

"Tìtorí tèmi. Wọ̀ ọ́."

Kò ra búrẹ́dì mọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dé, wọ́n bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé orí kan bẹ́ǹṣì náà dání.

"Ẹ má wọlé," ló wí. "Ibí kọ́ ni wọ́n rán yín wá. Ẹ̀yìn lẹ gbà wọlé, ẹni tó pè yín sì wà níwájú. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti mọ̀, mo sì dákẹ́."

Òpó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá, sípírítì yẹn wá ń kọ́?"

"Àga la fi ń pa, ọmọ mi. Orí èyí tí mo fi pa lẹ ti ń jókòó."

Ìyá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá rò pé ẹkún ni, àfi ìgbà tí ẹ̀rín bú jáde láàárín ìka rẹ̀. Ẹ̀rín náà tán, ojú wá tì í. "Gbogbo ẹ̀kọ́ tí a kọ́ yín ńkọ́, Bàbá?"

"Mo ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Má jẹ́ kójú tì ọ́. Kò sẹ́ni tó tíì bi mí bí ọ̀sẹ̀ mi ṣe rí kẹ́ ẹ tó dé. Òun ni mo ṣe dákẹ́. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ." Ó gbé orí bẹ́ǹṣì náà sókè. "Òpó, gbé ìkejì."

Wọ́n gbé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, Ìyá Àgbà ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ìwé. Dírẹ́bà ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó sì fi bọ́tìnì kan sí ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ náà, ó wo ìwé, ó wo Bàbá.

"Àlejò ẹ nìyí," ni Bàbá wí. "Èmi ni mo dá wọn dúró sọ́dọ̀ mi. Dárí jì mí."

"Ẹ̀yin, Bàbá?" ni Dírẹ́bà wí. "Èmi rò pé èmi nìkan ni mo nílò èèyàn nínú ilé yìí."

Bàbá gbé bẹ́ǹṣì sílẹ̀ fún wọn, ó padà sí yàrá rẹ̀. Ó fi búrẹ́dì àná mu tíì lẹ́bàá fèrèsé. Ilẹ̀ tí bẹ́ǹṣì wà tẹ́lẹ̀ ti ṣófo, yàrá náà sì fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó bà jẹ́ díẹ̀, kí n má purọ́ fún yín. Láti ọ̀hún ló ti ń gbọ́ orin wọn, ó sì wá mọ bó ṣe máa ń rí létí Dírẹ́bà.

Orin dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Dírẹ́bà ni.

"Wọ́n ní Sátidé nìkan ò tó," ló wí. "Wọ́n ní kí n mú ẹnì kan tí màá máa lọ bá nígbà tí òùngbẹ bá dé sí mi láàárín ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní kí n rò ó dáadáa." Ó fi ọwọ́ pa orí. "Mi ò rò ó. Ẹ̀yin ni mo mú. Wọ́n sì ní kí n wá pè yín, bẹ́ǹṣì yẹn gùn ju àwa mẹ́ta lọ."

Bàbá dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Láti ìgbà náà, bí iṣẹ́ bá ti ń lọ sópin lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ilé ọtí bá tan iná rẹ̀, Dírẹ́bà á wá sí ahéré iṣẹ́. Bàbá á fún un ní sáńpépà, á ní kó máa fi fá pákó. Kì í fá a dáadáa. Pákó mìíràn wà tí Bàbá ń tún fá lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sọ fún un. Gbogbo ìgò sípírítì ti wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ kan wà tí Dírẹ́bà ò wá. Bàbá sọdá títì, ó wọ ilé ọtí fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì ní kí wọ́n fún òun ní ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Gbogbo ilé ọtí ń wò ó, ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì sì rọra gba ẹ̀yìn jáde. "Bàbá, ẹ má ṣe báyìí, àwọn èèyàn á máa sọ̀rọ̀ yín," ni Dírẹ́bà ń wí. "Ìwọ ṣáà mu tìẹ tán," ni Bàbá wí. Dírẹ́bà ò mu ún tán. Wọ́n jọ sọdá padà.

Nígbà tí yunifásítì gba ìsinmi, àwọn ọmọ náà lọ sílé wọn. Ìyá Àgbà fi ìwé pẹlẹbẹ náà sílẹ̀ fún Dírẹ́bà, ó sì kìlọ̀ fún àwọn méjèèjì bí ẹni tó ń kìlọ̀ fún ọmọ ọmọ rẹ̀. Bàbá ti ń bẹ̀rù Sátidé tó ń bọ̀ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé náà dé. Ó gbọ́ ohun tó ń wọ́ nílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dírẹ́bà ló ń fa bẹ́ǹṣì bọ̀, ó sì gbé e sí àárín méjì, ibi tí kì í ṣe ti iwájú, tí kì í ṣe ti ẹ̀yìn. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun wà lọ́rùn rẹ̀. Bàbá jókòó tì í.

"Bàbá," ni Dírẹ́bà wí, "báwo ni ọ̀sẹ̀ yín ṣe rí?"

Ojoojúmọ́ ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n jọ lò. Bàbá sọ ọ́ fún un síbẹ̀, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, Dírẹ́bà sì gbọ́ ọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé náà sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó na ìka sí abẹ́ ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní. Ta ni Jésù?" Ó gbójú sókè bí Òpó ti máa ń ṣe. "Ṣé ẹ ti gbọ́ èyí rí, Bàbá?"

"Mo ti gbọ́ ọ rí," ni Bàbá wí. "Tún un kà."